Lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n kan tó jáde tìtorí ilẹ̀ ní Addis Ababa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ orúkọ yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tú sí ìgboro Addis Ababa ní 1965, tí wọ́n ń pariwo pé ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ro ilẹ̀ ni kó ni ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yín tọ́. Mo tètè sọ ọ́ torí pé àwọn tó ń dárò ọba lónìí kì í fẹ́ dárúkọ àgbẹ̀ gúúsù Etiópíà, tó ń kó ìdajì ìkórè rẹ̀, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún onílẹ̀ tí kò gbé ọkọ́ rí.

Haile Selassie, ọba Etiópíà nígbà náà, kì í ṣe ọba yẹpẹrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó dúró ní Geneva ní 1936, tó sọ fún àwọn alágbára ayé lójúkojú pé wọ́n ti fi ìlú òun sílẹ̀ fún Mussolini, olórí Ítálì. Nígbà ogun abẹ́lé tiwa náà, ó wá sí Èkó ní 1967 láti wá ọ̀nà àlàáfíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàn mú ní Wollo, ẹkùn kan ní àríwá Etiópíà, ní 1973, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń kú, ìjọba rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni adé ti bọ́, kí ṣọ́jà tó dé.

Alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 1974 ni àwọn ṣọ́jà gbé fíìmù ìyàn náà, èyí tí Jonathan Dimbleby ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe, sórí tẹlifíṣàn, wọ́n lú u pọ̀ mọ́ àwòrán ìgbádùn ààfin. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n rọ bàbá ẹni ọdún 82 lóyè, wọ́n sì gbé e lọ nínú Volkswagen kékeré.

Ẹ yọ̀, mi ò bá yín wí. Ní oṣù Kẹta 1975, àwọn ṣọ́jà Derg, ìgbìmọ̀ ológun tó gbàjọba, gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀, ohun tí ẹ ti ń bèèrè láti ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 1974, wọ́n ti pa nǹkan bí 60 ènìyàn láìgbẹ́jọ́, àwọn olórí ìjọba méjì àtijọ́ wà lára wọn. Kò pẹ́ tó kan yín. Ní 1977 Mengistu, olórí Derg, fọ́ ìgò tó kún fún omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú èrò, ó ní báyìí ni òun yóò ṣe àwọn ọ̀tá. Àwọn ọmọ EPRP, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ta ko Derg, tí ẹ jọ kàwé di òkú lójú títì, wọ́n sì ní kí ìyá òkú san owó ọta ìbọn kó tó gbé ọmọ rẹ̀ sin.

Èyí tó dùn mí jù ni Wollo. Ní 1984, ìyàn tún mú níbẹ̀ àti ní Tigray. Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà gan-an ni Mengistu ń fi ìlù àti ọ̀págun ṣe àjọ̀dún ọdún kẹwàá tí wọ́n gbàjọba, tó ń dá ẹgbẹ́ òṣèlú òṣìṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàn ni wọ́n fi lé ọba lọ, àwọn náà sì bo ìyàn tiwọn. Ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onílẹ̀, àmọ́ ìjọba ló ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò ta ọkà rẹ̀ fún un.

Mengistu sá lọ sí Zimbabwe ní oṣù Karùn-ún 1991. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó hú egungun ọba lábẹ́ kọnkéré nínú ọgbà ààfin.

Tí ẹ bá ṣì wà láyé, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n pa àwọn 60 yẹn, kí lẹ wí láàárín ara yín? Ta ló ní kò dára, ta ló ní ó tọ́ sí wọn? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tí kò délé mọ́ sí i.

Èmi àbúrò yín.