Olóòtú, bàlúù mi kì í ṣe dírónù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ọkùnrin tó gbé bàlúù funfun lé èjìká nínú fọ́tò tí ẹ gbé jáde lójú ewé kẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Káfíńtà Abẹ́òkúta ṣe dírónù." Káfíńtà ni mí lóòótọ́, Abẹ́òkúta ni mo sì ń gbé. Dírónù ni mi ò ṣe.

Ǹ bá má tilẹ̀ kọ̀wé, torí inú ìyá àwọn ìbejì dùn sí fọ́tò náà, ó ti gé e pamọ́ sínú Bíbélì. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì tí ìwé ìròyìn jáde, ọkùnrin méjì wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Àdátán, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí dírónù. Wọn ò wọ aṣọ iṣẹ́, wọn ò sì wá ra àga. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fi dírónù fò ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Mi ò sọ pé òfin ò kàn mí o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká pe nǹkan lórúkọ rẹ̀ kó tó di pé wọ́n wá bá mi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo ṣí imú bàlúù náà fún wọn. Wọ́n yọjú wo inú rẹ̀, wọ́n rí jíìpù onígi. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Èkejì ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ńkọ́? Mo ní kò ní. Ó ní báwo ló ṣe wá ń fò? Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi tẹ ìdáhùn rẹ̀.

Ẹ gbójú sókè lọ́sàn-án gangan, ẹ ó rí àwòdì tó ń rà bàbà. Kò ju ìyẹ́, kò yára, síbẹ̀ kò já lulẹ̀ bí òkò. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ń lọ síwájú bó ṣe ń sọ̀, bí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ láti orí òkè láìtẹ pẹ́dà. Síwájú tó ń lọ yẹn ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbé apá rẹ̀. Bí bàlúù mi ṣe ń ṣe nìyẹn. Mọ́tò kéékèèké mẹ́rin wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, tí kò tóbi tó páálí ìṣáná, tí mò ń fi rìmóòtù darí. Ìrù ni wọ́n ń yí àti ìkọ́ tó di okùn tí a fi ń wọ́ ọ gbéra mú. Wọn ò fà á lọ síbì kan.

Bàlúù aláìlẹ́ńjìnnì tí mo fara wé ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Waco CG-4A. Nígbà ogun Hitler ni wọ́n ṣe é, ó sì lé ní 13,000 tí wọ́n ṣe. Apá rẹ̀ láti orí dé orí lé ní ẹsẹ̀ bàtà 83. Ó ń gbé sójà 13 pẹ̀lú awakọ̀ méjì, tàbí jíìpù kan ṣoṣo. Bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Dakota ló ń fi okùn ọ̀rá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 350 wọ́ ọ tẹ̀lé ara rẹ̀. Tí wọ́n bá dé òkè ibi tí wọ́n ń lọ, awakọ̀ á tú okùn, ó di òun àti Ọlọ́run rẹ̀.

Ẹnu bàbá tó bí bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó wà lára àwọn sójà wa tó lọ sí Bọ́má lọ́dún 1944, nínú Bìrìgéèdì Kẹta ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, níbi tí Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà wà. Dakota ló gbé wọn lọ sẹ́yìn àwọn sójà Jàpáànù nínú igbó. Ṣùgbọ́n àwọn aláìlẹ́ńjìnnì ti ṣáájú wọn: lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni wọ́n sọ̀ sórí pápá kan tí wọ́n ń pè ní Broadway, tí wọ́n kó katapílà kéékèèké wá láti fi tẹ́ ilẹ̀ kí bàlúù ńlá lè rí ibi bà sí. Bàbá ní àwọn bá èyí tó ti fọ́ lẹ́bàá igbó, àwọn sì ń ya aṣọ ara rẹ̀ fi bo ẹrù nígbà òjò. Ó tún máa ń sọ ti àwọn ìbaaka tí wọ́n gé ohùn wọn kí wọ́n má baà ké sétí ọ̀tá. Tó bá ti dé ibi ìbaaka yẹn, ó máa ń dákẹ́, a ó sì dìde fún un.

Ohun tó sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni pé iṣẹ́ wa ni. Horsa, bàlúù aláìlẹ́ńjìnnì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, igi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù ló sì kàn án. Steinway tó ń ṣe dùrù ní New York bá wọn ṣe lára CG-4A. Nítorí náà, ẹni tó bá tún ní kí n gbájú mọ́ wọ́dúróòbù, ẹ bá mi kí i.

Ìdá mẹ́jọ ni mo gé tèmi sí. Apá rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínṣì 5, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo rò pé tí gígùn bá di ọ̀kan nínú mẹ́jọ, ìwúwo náà á di ọ̀kan nínú mẹ́jọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígùn dín kù, fífẹ̀ dín kù, gíga náà dín kù: 8 lọ́nà 8 lọ́nà 8, ó di 512. Ojúlówó rẹ̀ tó bá ru ẹrù kún wúwo tó pọ́n-ùn 7,500. Tèmi kò gbọdọ̀ ju pọ́n-ùn 14 àti ààbọ̀ lọ, bíi kìló 6 àti ààbọ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ fi plywood kàn, a gbé e sórí òṣùwọ̀n alágbàdo, ó fi kìló 11 hàn. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú fi ilẹ̀kùn sí i, ká máa kó aṣọ sí i."

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo lọ sídìí igi tí àwa náà fi ṣe mọ́tò ìṣeré ní kékeré, ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀. Èèpo rẹ̀ le bí ọparun, inú rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi fóòmù. Èèpo ni mo fi ṣe ọ̀pá tó la apá já, inú rẹ̀ ni mo fi ṣe egungun apá, mo sì fi abẹ dán an títí tó fi bá bátànì mu. Oṣù márùn-ún gbáko ni mo lò nídìí apá nìkan, lálaalẹ́ tí mo bá ti parí iṣẹ́ oníṣẹ́.

Aṣọ ni ojúlówó wọ̀, kì í ṣe páànù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ́kù fún mi ní aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní kí n fi ẹ̀kọ láfún lẹ̀ ẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gan, ó ń dún bí awọ ìlù tí mo bá fi ìka ta á. Lọ́jọ́ kẹrin, eku ti jẹ apá òsì láti ìdí dé àárín. Láfún mà ni, kí ni mo ń retí? Mo bó gbogbo rẹ̀, mo fi gọ́ọ̀mù funfun lẹ òmíràn, mo sì fi sanding sealer tí a fi ń kun àga kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà pé ẹ̀kọ ló fà á. Ó ní àìní ológbò ni.

Ibi tí mo fara balẹ̀ sí jù ni irin kékeré tó so ọ̀pá abẹ́ apá mọ́ ara bàlúù. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 1943, ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, olórí ìlú náà àti àwọn èèyàn pàtàkì mìíràn wọ CG-4A kan lójú ọ̀pọ̀ èrò. Irin ibẹ̀ ni kò nípọn tó bó ṣe yẹ. Apá kan já lókè, àwọn 10 tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sì kú. Ohun tí èèyàn lè pa mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ ni irin ọ̀hún. Sípókì kẹ̀kẹ́ ni mo fi ṣe tèmi, mo ká a ní ìlọ́po méjì. Torí pé òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń ti apá sí, mo dojú bàlúù dé, mo to yanrìn kìló 20 lé apá kọ̀ọ̀kan, mo sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn lóru yẹn.

Imú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ti ojúlówó, gbogbo ibi tí awakọ̀ ń jókòó ló ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí kí jíìpù lè jáde níwájú. Wọ́n so okùn mọ́ jíìpù, wọ́n gbé e gba orí púlì lọ sára imú, débi pé bí jíìpù bá ṣe ń lọ síwájú ló ń fa imú sókè fún ara rẹ̀. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ pẹ̀lú òwú ìpẹja. Òjé tí àwọn apẹja Odò Ògùn ń so mọ́ àwọ̀n ni mo kó sí imú náà kí ìdí má baà wúwo ju iwájú lọ. Bàlúù tí ìdí rẹ̀ bá wúwo á kàn gbójú sókè, á dúró lójú afẹ́fẹ́, á sì já.

Ọlọ́kadà kan ló ń bá mi wọ́ ọ gbéra lórí pápá kan lọ́nà Alábàtà; ẹni tó ni ilẹ̀ náà ti yọ̀ǹda fún wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fò tó sì bà jẹ́jẹ́. Nígbà kẹrin, atẹ́gùn yí padà. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta mọ àwòdì tó ń re Ìbarà, tí ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́, tó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ó dáa fún ẹni tó ń lọ. Ẹni tó fẹ́ bà sílẹ̀, iwájú ló yẹ kí ẹ̀fúùfù ti pàdé rẹ̀, kó lè rọra tẹlẹ̀. Tèmi sáré kọjá ibi tó yẹ kó bà, ó fi imú gbá òkìtì ọ̀gán. Jíìpù já síwájú, okùn fa imú sókè, jíìpù gba abẹ́ rẹ̀ jáde sínú koríko. Imú ya, àmọ́ ibi tí awakọ̀ ì bá jókòó sí kò fọ́. Àwọn ọmọ tó ń wòran pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àmì dúdú tí ẹ rí nímú rẹ̀ nínú fọ́tò yín, àdìrẹ tí mo fi lẹ ojú ibi tó ya ni, kì í ṣe àmì ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tún un kọ. Bàlúù ràbàbà lèmi ń pè é nílé. Tí ààyè bá há, ọ̀rọ̀ kan péré ni kí ẹ yọ. Ìyá àwọn ìbejì kò dúró dè yín ní tiẹ̀: ó ti fi báírò fa ìlà gba orí "dírónù" tó wà nínú Bíbélì rẹ̀.

Bàbá Ìbejì,
Àdátán, Abẹ́òkúta.