Ìkéde Fún Gbogbo Aránṣọ Inú Ẹgbẹ́ Wa, Ìkòròdú

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn.

Àsìkò aṣọ ẹbí tún ti dé, ojú ọ̀pọ̀ wa sì ti pọ́n. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa gé léèsì oníbàárà lódì. Ńṣe ló jókòó ti ẹ̀rọ, tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, omijé ń bọ́. Kì í ṣe pé kò mọṣẹ́. Kò sùn ni, kò sì jẹun.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba aṣọ tí òde rẹ̀ kò bá tó ọ̀sẹ̀ kan sí i mọ́. A mọ̀ pé owó ni o, àmọ́ “màá bá yín ṣe é” yìí náà ló ń sọ wá di onírọ́. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù, ẹ pín in fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Láti 2019 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣàlàyé ohun tí wàhálà iṣẹ́ ń fà bí a kò bá tètè bójú tó o: okun á tán, iṣẹ́ á súni, ọwọ́ kò sì ní dá ṣáṣá mọ́. Ẹ má fi ìtìjú bò ó. Ọsibítù ìjọba tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní Yaba kì í ṣe ti ẹni tó ń já sígboro nìkan. Ẹni tí oorun dá lójú rẹ̀ náà lè lọ. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì rí dókítà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ dín ariwo lórí ọmọ iṣẹ́ kù.

Ọ̀rọ̀ yìí nìkan la ó sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kò sí owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ dé.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́