Àkànní, Fi Àmì Ọrùn Ìyàwó Rẹ Sílẹ̀

Àkànní ọkọ mi,

Mo ti délé láyọ̀. Mo kí ìyàwó wa, mo sì kí ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ìgbà tí o bá ti kọjú sí ìyàwó rẹ ni ó ń fa ìborùn bo àmì ìbí ọrùn rẹ̀. Bí o bá ti yíjú, á jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀ padà. Nígbà tí a fikùn lukùn ní yàrá, ó ní o ti bá dókítà kan sọ ọ́, pé wọn yóò fi ìmọ́lẹ̀ alágbára tí wọ́n ń pè ní lésà pa á rẹ́.

Ọmọ mi, ìtàn kan wà tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ iléèwé. Nathaniel Hawthorne ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ lọ́dún 1843, “The Birth-Mark” ni orúkọ rẹ̀. Aylmer, ògbóǹtarìgì onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fẹ́ Georgiana. Obìnrin náà rẹwà, àfi àmì pupa kékeré kan tó dà bí ọwọ́ ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Kí ó tó wọlé ọkọ, ẹwà ni àwọn tó ń wá a fẹ́ ka àmì náà sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó ni Aylmer bẹ̀rẹ̀ sí í tẹjú mọ́ ọn, ara rẹ̀ a sì máa bù máṣọ. Nígbà tó yá, Georgiana fúnra rẹ̀ kórìíra àmì náà ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ẹnu rẹ̀ ló fi bẹ ọkọ pé kí ó mú un kúrò, ṣùgbọ́n ojú ọkọ ló kọ́ ọ. Nítorí náà, má sọ fún mi pé ìyàwó rẹ náà ló fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Aylmer kì í ṣe ìkà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Ó lá àlá pé òun ń fi ọ̀bẹ gé àmì náà, bí ọ̀bẹ ṣe ń wọlé ni ọwọ́ pupa náà ń sá wọnú, títí ó fi di ọkàn ìyàwó rẹ̀ mú. Ó jí, kò sì jáwọ́. Georgiana ka ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kò dé ibi tó fojú sùn. Síbẹ̀, ó gba oògùn tí Aylmer pò fún un, ó mu ún. Àmì náà ń parẹ́, ẹ̀mí náà ń lọ.

Aminadab ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń fò kọjá, ọmọ iṣẹ́ Aylmer, tí èéfín ti sọ ara rẹ̀ dúdú. Òun ló kùn lábẹ́lẹ̀ pé bó bá jẹ́ ìyàwó òun ni, òun kò ní jẹ́ kí àmì náà kúrò láé. Èmi kò lè fò ó.

Mo mọ̀ pé lésà yàtọ̀ sí oògùn Aylmer. Kì í ṣe ikú ni mo ń wí, ìborùn yẹn ni mo ń wí.

Lọ gba owó rẹ padà lọ́wọ́ dókítà. Lálẹ́ òní, bí ìyàwó rẹ bá ń fún ọmọ lọ́mú, jókòó tì í. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi bá yín wẹ ọmọ, orí àmì yẹn ló máa ń gbé ọwọ́ lé kí ó tó sùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ