Yorùbá Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Kọ́sítọ́mà Mi ní São Paulo

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti São Paulo ní Brasil ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Àbúrò mi tó wà l'Ọ́yọ̀ọ́ ló ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn yín, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé èdè Yorùbá ò kú ní Brasil. Mo kà á, inú mi dùn, mo tún un kà. Ẹ dárúkọ àwọn ìyálórìṣà Bahia, ẹ dárúkọ acarajé tó jẹ́ àkàrà wa gangan, ẹ ò gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ sí Ọ̀ṣun àti Yemọja. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fo àwọn kan tí wọ́n ń pè ní travesti (màá sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ níwájú), mi ò mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fò wọ́n ni àbí ẹ ò gbọ́ nípa wọn rí, ìdí tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé e kúrú jù.

Irun ni mo ń dì. Sálúùnù mi wà lápá República, nítòsí títì tí wọ́n ń pè ní 24 de Maio, ibẹ̀ làwa onídìrí láti Nàìjíríà, Kamẹrúùnù àti Senegal pọ̀ sí. Ọdún kejì tí mo débí ni obìnrin kan wọlé, ó ga, ohùn ẹ̀ wúwo díẹ̀, ó ní kí n fi àtáṣímẹ́ǹtì di irun fún òun kó gùn dé ìdí. Mo di apá kan tán, ebi ti ń pa á, ló bá sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé kó lọ ra ajeum wá. Ọwọ́ mi dúró lórí irun. Mo ní kí lo wí? Ó ní ajeum, oúnjẹ ni. Mo ní jẹun nìyẹn! Èdè ìyá mi lò ń sọ yẹn! Ó wò mí nínú dígí bíi pé mo ti ń ṣiwèrè.

Bó ṣe di eré láàárín wa nìyẹn, gbogbo ìgbà tó bá ti wá ló máa ń mú ọ̀rọ̀ kan bọ̀ fún mi. Otim, ọtí. Edi, ìdí (wọ́n tún ń fi pe ibi tí mi ò ní kọ síbí). Ocó, ọkùnrin ni wọ́n ń fi pè, ó dà bíi pé ọkọ ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n wá sọ gbogbo ọkùnrin di ọkọ. Odara, ohun tó dára. Equê, irọ́, èké nìyẹn o, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ní Èkó gan-an ò sọ mọ́. Owó ni wọ́n ń pè ní acué, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe tiwa, àwọn Fọ̀n ní Bẹ̀nẹ̀ ló ni ín, ẹ má jẹ́ ká gba ti aládùúgbò mọ́ tiwa. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ni wọ́n ń pè ní pajubá.

Kọ́sítọ́mà mi yìí, travesti ni. Mo wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo lè fi pè é tí kò ní jẹ́ èébú, mi ò rí. Ẹni tí wọ́n bí tí wọ́n ní ọkùnrin ni, tó sì ń gbé ayé ẹ̀ bí obìnrin. Ọ̀rọ̀ travesti náà, èébú ni tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn ará Brasil, àwọn fúnra wọn ló gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń bú wọn, wọ́n fi ń pe ara wọn báyìí, wọ́n tún fi sínú orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn kan ní trans làwọn ń jẹ́ ní tiwọn, bí kálukú bá ṣe ní ká pe òun náà ni mo ń pè é, owó irun ṣáà ni mo fẹ́ gbà.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni Yorùbá ṣe dé ẹnu wọn. Ilé òrìṣà ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ilé bàbá wọn lé wọn jáde, ilé candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà níbí, ló gbà wọ́n sílé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n sì gbé e dé títì. Láti 1964 sí 1985 tí àwọn sọ́jà ń ṣèjọba níbí, ọlọ́pàá máa ń kó wọn bí ẹni kó adìyẹ, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ọlọ́pàá á fi pajubá ta àwọn tó kù lólobó. Ẹ rántí ẹnà tá a máa ń fọ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé kí àwọn àgbà má baà gbọ́ ohun tá à ń sọ, àwa fi ń ṣeré ni, àwọn fi ń sá fún àtìmọ́lé ni. Àwọn sọ́jà lọ tán, ìyẹn ò tíì parí, ní 1987 ọlọ́pàá São Paulo tún ń kó wọn ní títì, wọ́n ní torí àrùn éèdì ni.

Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín o, kì í ṣe gbogbo ilé òrìṣà ló gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, títí dòní wọ́n ṣì ń jiyàn nínú ilé míì bóyá obìnrin trans lè wọ yẹ̀rì láàárín àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n èmi ọmọ Ọ̀yọ́, ojú mi ti rí ẹlẹ́gùn Ṣàngó, ọkùnrin tó lọ́mọ tó láya, tó di irun bí obìnrin tó sì ń jẹ́ ìyàwó òrìṣà. Mi ò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo kàn ń sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan irun kọ́sítọ́mà mi yìí, kì í ṣe ohun tó yẹ kó bà mí lẹ́rù bó ṣe bà mí yẹn.

Ní November 2018 ọ̀rọ̀ pajubá yìí di ariwo ní gbogbo Brasil. Wọ́n ní ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní ENEM, bíi JAMB tiwa ni, òun ni ọmọ ń ṣe kó tó wọ yunifásítì. Wọ́n fi ìbéèrè kan síbẹ̀ nípa pajubá, acué wà nínú ẹ̀, equê wà nínú ẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tó jẹ́ kó di èdè tá a lè kà sí ogún, ìdáhùn ẹ̀ sì ni pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bolsonaro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn sípò ààrẹ nígbà yẹn bínú gan-an, ó ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Èmi ní tèmi ń rẹ́rìn-ín nínú sálúùnù, mo ní ṣé ẹ mọ̀ pé èké l'Ọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń dán àwọn ọmọ yín wò.

Ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yín wàyí. ANTRA lorúkọ ẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn travesti àtàwọn trans gbogbo Brasil. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Porto Alegre, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ẹ̀ wà ní Rio de Janeiro níbi tí Jovanna Baby àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti dá èyí tó ń jẹ́ ASTRAL sílẹ̀ ní 1992. Kódà kí ìyẹn tó dé, obìnrin kan nínú wọn tó ń jẹ́ Brenda Lee ti wà níbí ní São Paulo, ládùúgbò Bixiga, tó sọ ilé ara ẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó lárùn éèdì nígbà táwọn ẹbí ń jù wọ́n síta. Wọ́n pa á ní 1996. Kọ́sítọ́mà mi máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìyá àgbà ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò bá ara wọn pàdé rí.

Ní January 29, 2004, àwọn travesti àtàwọn trans kan wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Brasília láti lọ sọ fún ìjọba pé èèyàn làwọn, ọjọ́ yẹn náà ló di ọjọ́ wọn lọ́dọọdún. Ní gbogbo January ni ẹgbẹ́ yìí máa ń gbé ìwé kan jáde, iye àwọn tí wọ́n pa nínú wọn lọ́dún tó kọjá. Ìjọba ò ka iye wọn, àwọn fúnra wọn ló ń kà á, wọ́n á tú ìwé ìròyìn, wọ́n á gbọ́ rédíò, wọ́n á gba ohun táwọn èèyàn bá fi ránṣẹ́ láti ìlú kéékèèké. Bruna Benevides, tó jẹ́ sájẹ́ńtì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, ló wà nídìí iṣẹ́ yẹn. 179 ni wọ́n kà ní 2017. 145 ní 2023, 122 ní 2024, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi tìyín ló pọ̀ jù nínú wọn. Nínú àwọn ti 2017 yẹn ni Dandara dos Santos wà, ní Fortaleza, àwọn tó lù ú ń fi fóònù gba fídíò bí wọ́n ṣe ń lù ú. Mi ò lè wo fídíò yẹn. Kọ́sítọ́mà mi wò ó, ó ní ẹnìkan gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n má baà sọ pé irọ́ ni, ó tún lo ọ̀rọ̀ yẹn, equê.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ nínú ìjà wọn ni ti orúkọ, ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Láti March 2018 ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ pé ẹni tó bá ti pé 18 lè lọ sí cartório, ìyẹn ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọjọ́ ìbí, kó yí orúkọ ẹ̀ padà láìsí adájọ́, láìsí pé dókítà fi ọ̀bẹ kàn án. Kọ́sítọ́mà mi lọ. Ìwé tí wọ́n ní kó kó wá pọ̀ bí nǹkan míì, ó ń lọ ó ń bọ̀, ọjọ́ tó gbà á tán sálúùnù mi ló kọ́kọ́ wá, kò tíì dé ilé, ó ní kí n ka orúkọ òun sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Keila Simpson tó ṣe olórí ANTRA fún ọ̀pọ̀ ọdún, ará Maranhão tó ń gbé Salvador, ń lọ sí Mẹ́síkò fún ìpàdé ní 2022, wọ́n dá a padà láti éápọ́ọ̀tù torí orúkọ inú páásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ò bá ojú ẹ̀ mu. Àgbà obìnrin bẹ́ẹ̀!

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé báwo la ṣe ń sọ ele àti ela lédè wa, ìyẹn òun ọkùnrin, òun obìnrin, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi ele nà án ní báńkì, ní bọ́ọ̀sì, níbi gbogbo. Mo ní ó ni. Ó ní ti ọkùnrin ńkọ́? Mo ní ó náà ni. Àwa kì í bèèrè ìyẹn lẹ́nu ọ̀rọ̀, ohun tá a fẹ́ mọ̀ ni bóyá o jù mí lọ kí n lè mọ̀ bóyá màá ní ẹ tàbí o. Ó dákẹ́, ó wá ní ká ní òun mọ̀ ni, èdè yín lòun ì bá ti máa sọ látìgbà tí wọ́n ti bí òun.

Mo mọ ohun táwọn kan máa sọ. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ mi mọ irú àwọn tí mo ń di irun fún, a ti jà sí i, a ti parí ẹ̀. Mo sì mọ òfin 2014 tó wà nílé, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló ní fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ ọkùnrin-tó-ń-fẹ́-ọkùnrin sílẹ̀, mi ò ní kẹ́ ẹ fi ìwé ìròyìn yín wá wàhálà ọlọ́pàá. Ohun tí mò ń bèèrè ò tó yẹn. Ẹ ti kọ̀wé pé àwọn tó gbé Yorùbá dé òkè òkun ni ìyálórìṣà àti alákàrà. Ẹ fi àwọn yìí kún un, nítorí àwọn ló ń sọ ọ́ ní títì, ní alẹ́, láàárín ọlọ́pàá, nígbà tí kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn láti sọ ọ́.

Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ tú irun. Mo ti sọ fún un pé mo kọ̀wé sí yín. Tẹ́ ẹ bá máa tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bá mi fi àmì sórí jẹun, ọtí àti èké dáadáa, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ gbáà bẹ́ẹ̀, torí ó ní òun máa gé e, òun máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí tó ń kọjú sí tó bá jókòó.

Èmi ni tiyín,
Onídìrí ọmọ Ọ̀yọ́, São Paulo