Kí Ilé Aṣòfin Ọ̀yọ́ fi òfin dáàbò bo pápá ìṣeré tó kù

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n bá àwọn ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ̀rọ̀ lórí pápá ìṣeré àti ọgbà ìgbafẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, nínú Àfikún Kẹrin rẹ̀, ka ọgbà ìgbafẹ́ àti ilẹ̀ gbalasa ìlú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, níbi kan náà tó ti dárúkọ ojú títì, iná òpópónà àti gọ́tà. Ọ̀rọ̀ tí ìwé òfin tò pọ̀ mọ́ títì àti gọ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Kí wọ́n tó ronú kan ọgbà tuntun tó ní ẹnubodè mèremère, ilẹ̀ tó kù ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin dì mú. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn, ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ ti di ṣọ́ọ̀bù, ilé epo, gáréèjì tàbí ilé ìjọsìn. Mo mọ rírì ilé ìjọsìn, ṣùgbọ́n ọmọ tí a gba pápá lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ṣàìṣeré. Ojú títì ni yóò lọ, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi òkúta méjì ṣe ojú ilé ní ọjọ́ Àìkú, tí mọ́tò sì ń sáré bọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti là á yé wa ní ọdún 2003 pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ lórí ètò ìlú, nítorí náà kò sí ìdí tí àwọn aṣòfin wa yóò fi máa wo Àbújá. Kí òfin náà pàṣẹ pé kí a wọn gbogbo pápá tó kù, kí a kọ ààlà wọn sílẹ̀, kí a sì lẹ àkọsílẹ̀ náà mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má lè yí ìlò ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà láìjẹ́ pé a pe aráàdúgbò sí ìpàdé ìtagbangba, kí ilé aṣòfin sì dìbò lé e. Bí ó bá di dandan pé kí a gbà á, kí a fi èyí tó tó o dípò rẹ̀ ní àdúgbò kan náà, níbi tí ọmọ àdúgbò bíi Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé.

Ilẹ̀ gbalasa tún ń bá wa fa omi òjò mu, ìlú tí odò Ògùnpa kún, tó sì ṣọṣẹ́ nínú rẹ̀ ní ọdún 1980 kò sì gbọ́dọ̀ fojú kéré èyí. Omi ọjọ́ náà ba ọgbà Àgọ́dì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967 jẹ́, ó sì di ọdún 2014 kí wọ́n tó tún un ṣe, kí wọ́n sì ṣí i padà. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún ìkún omi náà ti lè di òbí kí ó tó ráyè gbafẹ́ níbẹ̀. Bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà tí òfin kò bá ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kí òfin wa sọ ìpín tí wọn yóò máa ná lórí gígé koríko, ilé ìyàgbẹ́ tó mọ́ àti àwọn ọlọ́dẹ.

Kí àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn yóò wọ ọgbà ìjọba láìsanwó, nítorí òbí tó ní ọmọ mẹ́rin kò lè rí owó ọkọ̀ kó tún rí owó ẹnubodè.

Mo rọ àwọn aṣojú wa kí wọ́n gbé àbá òfin yìí síwájú ilé kí wọ́n tó jókòó lé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì ṣe ìpàdé ìtagbangba rẹ̀ ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ní ọjọ́ Sátidé, kí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wá sọ tẹnu wọn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.