Oòrùn Kọ́ Ló Kọ́ Wa Ní Ata Jíjẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ kan ti di àsọtúnsọ láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá, pàápàá láti oṣù kejì títí òjò á fi dé: pé ẹni tó bá fẹ́ràn ooru ló ń fẹ́ràn ata, pé ilẹ̀ tó gbóná ló ń bí ọ̀fun tó ń jata. Àwọn tó ń dáná àríyá ti gbà á gbọ́ débi pé bí oòrùn bá ṣe ń mú sí i ni wọ́n ń fi rodo kún rodo. Wọ́n ní ata á jẹ́ kí àlejò làágùn, kí ara rẹ̀ sì tutù. Iṣẹ́ oúnjẹ ni iṣẹ́ tiwa, ó sì ń dùn wá bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń ba ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́ lóṣù kẹta àti oṣù kẹrin.

Ẹ jẹ́ ká ti inú èdè wa bẹ̀rẹ̀. Yorùbá kì í sọ pé ata gbóná. Ata ń ta ni, bí oyin ṣe ń ta, bí agbọ́n ṣe ń ta. Ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ló ń gbóná. Ooru ló ń mú èèyàn. Ohun mẹ́ta ni àwọn bàbá wa rí, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń sọ láti àárọ̀ di alẹ́ ní ibi iṣẹ́ ló kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: hot.

Gẹ̀ẹ́sì náà kò jẹ̀bi tán, nítorí ibì kan wà tí iná àti ata ti pàdé. Lọ́dún 1997, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, David Julius, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà rí ẹnu ọ̀nà tí oró ata ń gbà wọ inú iṣan. Oró náà ni capsaicin, wọ́n sì ń pe ẹnu ọ̀nà náà ní TRPV1. Ẹnu ọ̀nà yìí kan náà ló máa ń ṣí bí nǹkan tó kàn wá lára bá gbóná kọjá nǹkan bí 43°C. Iṣẹ́ náà wà lára ohun tó jẹ́ kí Julius àti onímọ̀ mìíràn, Ardem Patapoutian, jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2021. Nítorí náà, bí rodo bá ta ahọ́n, ìròyìn tó ń dé ọpọlọ ni pé iná ń jó ẹnu, bẹ́ẹ̀ kò sí iná níbẹ̀. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ bu ọbẹ̀ ata kan náà sí àwo méjì, ẹ tọ́ ọ̀kan wò nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, ẹ jẹ́ kí èkejì tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Èyí tó gbóná á ta ju èkejì lọ, ata inú wọn kò sì yàtọ̀. Oró ata ló mú kí ẹnu ọ̀nà yẹn máa ṣí kí ooru tó dé 43, tí ọbẹ̀ tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ fi ń jó bí iná.

Ṣùgbọ́n oòrùn Àbújá kì í mú awọ ara ẹni tó ń làágùn dé 43. Nígbà tí a bá ní ooru ń mú wa, gbogbo ara ló wà lẹ́nu iṣẹ́: ọkàn ń sáré, ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí abẹ́ awọ, òógùn ń jáde. Bí ara ṣe ń mọ ooru lára náà yàtọ̀ sí bí ẹnu ṣe ń mọ ata. Ẹni tó bá ti Jos sọ̀ kalẹ̀ wá sí Sókótó lóṣù kẹrin nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ara rẹ̀ tó gbà á. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè làágùn, iyọ̀ inú òógùn náà á dín kù, ọkàn rẹ̀ á sì fara balẹ̀. Bí ẹnu ṣe ń kọ́ ata kò kan òógùn rárá; iṣan ẹnu ló ń kú tipiri díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, tí a bá sì pa á tì, oró rẹ̀ á tún padà múná. Ẹni tó kọ́ ọ̀kan kò tíì kọ́ èkejì.

Ẹ wo adìẹ. Ẹ da ata gbígbẹ sílẹ̀ fún un, á ṣà á jẹ, kóró àti èèpo, ojú rẹ̀ kò ní ṣomi. TRPV1 ti ẹyẹ kò mọ capsaicin lára. Adìẹ yìí kan náà ni ooru oṣù kẹta máa ń pa nínú ọgbà adìẹ káàkiri Àbújá: á ya ẹnu, á na ìyẹ́ méjèèjì sílẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, nítorí kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde. Ata kò ṣe é ní nǹkan kan, síbẹ̀ ooru borí rẹ̀.

Igi ata gan-an kò fẹ́ ooru àṣejù. Bí ọ̀sán bá ń kọjá nǹkan bí 35°C lójoojúmọ́, òdòdó rẹ̀ á máa rẹ̀ dànù kó tó so. Ó wà lára ohun tó ń sọ rodo di ọ̀wọ́n lọ́jà nígbà tí ooru bá ń lọ sópin.

Bó bá jẹ́ pé oòrùn ló ń kọ́ni ní ata, àwọn ará Sókótó àti Maiduguri, níbi tí ooru oṣù kẹrin ti ń kọjá 40, ni ì bá jata jù wá lọ. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta tuwo, kẹ́ ẹ tọ́ miyar kuka wò, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé oṣè gbígbẹ sè, tàbí miyar taushe tí wọ́n fi elégédé sè. Ọmọ Ìjẹ̀bú á ní wọ́n gbàgbé ata ni. Ibi tí ata wọn wà ni yájì: kùlíkùlì lílọ̀, ata gbígbẹ, atalẹ̀, kànáfùrù àti ẹ̀ẹ̀rù, tí wọ́n ń wọ́n sára sùyà tàbí ɗan wake tí wọ́n fi ẹ̀wà ṣe. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń bu yájì sí, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èyí tó tó o. Ilẹ̀ Àríwá ló sì ń gbin púpọ̀ nínú rodo àti tàtàṣé tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Èkó. Ní òkè òkun, òtútù ń di yìnyín ní Kòríà, òkè gíga ni Bhutan, ata kì í sì í kúrò nínú oúnjẹ wọn. Fílípínì gbóná yí ọdún ká, àmọ́ tí a bá yọ àwọn agbègbè bíi Bicol kúrò, ata kò pọ̀ nínú ọbẹ̀ wọn.

Àwọn onímọ̀ ti jiyàn lórí èyí. Lọ́dún 1998, Jennifer Billing àti Paul Sherman yẹ ìlànà oúnjẹ ẹlẹ́ran 4,578 wò láti orílẹ̀-èdè 36. Wọ́n rí i pé ibi tó gbóná ń lo èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán jù, wọ́n sì ní torí pé èròjà wọ̀nyí ń pa kòkòrò àrùn inú ẹran ni. Ọ̀pọ̀ ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ yẹn. Lọ́dún 2021, Lindell Bromham àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà oúnjẹ 33,750 yẹ̀ wò láti inú oríṣi ìdáná 70, wọ́n sì rí i pé bí ojú ọjọ́ ṣe gbóná tó kò ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà. Èyí la gbà, nítorí ìtàn tiwa gan-an jẹ́rìí sí i. Oòrùn ti ń ràn ní ilẹ̀ Yorùbá kí rodo tó dé. Láti Amẹ́ríkà ni ata ti wá, lẹ́yìn ọdún 1492, àwọn Pọtogí ló sì gbé e dé etíkun wa. Iyèré, ataare àti ẹ̀ẹ̀rù la ń lò tẹ́lẹ̀. Ohun tó sọ wá di ajata ni ohun tí à ń fi sí ọmọ lẹ́nu àti ohun tí à ń sọ sí i létí: ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni.

Ti òógùn tí ata ń mú jáde ńkọ́? Òótọ́ ni pé ó ń jáde, níwájú orí, ní imú àti ní àtàrí. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ lára ń gbé nǹkan bí 580 kilocalorie ooru lọ, àmọ́ òógùn ata kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ, kì í sì í pẹ́ dáwọ́ dúró. Afẹ́fẹ́ Àbújá ṣì gbẹ lóṣù kejì sí oṣù kẹta, òógùn yẹn á fẹ́ lọ kíá, ẹni tó jẹun á sì rò pé ara òun tutù. Lóṣù karùn-ún, tí òjò ti dé, ńṣe ló kàn ń ṣàn wọ ojú. Òǹgbẹ nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin alásè, ọgbọ́n oníyájì ló yẹ ká kọ́. Fún àlejò mẹ́wàá tó pa Hausa, Gbagyi àti Yorùbá pọ̀, ẹ lọ tàtàṣé 8, tòmátò 6 àti àlùbọ́sà ńlá 3. Ẹ ju odindi rodo 2 sínú ọbẹ̀ náà láìgé e, pẹ̀lú ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bu ọbẹ̀. Òórùn dídùn rodo á jáde, oró rẹ̀ á sì jókòó sínú. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ṣíbí ìrokà tó bá fọ́ ọ, nítorí náà ẹ fi í sínú nígbà tí ọbẹ̀ bá ku ìṣẹ́jú 15, ẹ má sì rò ó mọ́ àyàfi ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lọ̀ ọ́ mọ́ ata ni, ẹ là á sí méjì, kẹ́ ẹ fi etí ṣíbí ha awọ funfun inú rẹ̀ kúrò, ibi tí kóró so mọ́. Ibẹ̀ ni oró wà. Kóró fúnra rẹ̀ kò ní oró tirẹ̀, ara awọ náà ló ti kó o.

Ata díndín ni kẹ́ ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún àwa ajata: rodo 15, tàtàṣé 4, àlùbọ́sà 2, kó lọ̀ ṣàkàṣàkà. Ẹ sè é lásán fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kẹ́ ẹ tó da ìdajì kọ́ọ̀bù òróró sí i. Lẹ́yìn náà ni iná kékeré, 20 ìṣẹ́jú mìíràn, títí òróró á fi léfòó. Ẹni tó bá da òróró sí i kí omi tó gbẹ, á ta sí i lára, ata náà á sì kan lọ́jọ́ kejì nínú ooru yìí. Ẹ ṣí fèrèsé. Èéfín rodo nínú yàrá tí a ti pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù máa ń dá ikọ́ sílẹ̀ fún gbogbo ilé.

Bí ata bá wá ta àlejò jù, ẹ má fún un lómi. Oró ata kì í yọ́ nínú omi. Omi á kàn gbé e káàkiri ẹnu ni. Nono tútù ló yẹ, ó sì wà ní gbogbo ọjà Àbújá: casein, èròjà kan nínú wàrà náà, á gbá oró mú, òtútù rẹ̀ á sì pa ẹnu ọ̀nà yẹn dé. Kó fi í yọ ẹnu fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó gbé e mì. Ẹni tó gé rodo, kó fi òróró pa ọwọ́ dáadáa kó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó má sì fọwọ́ kan ojú títí á fi rí i pé abẹ́ èékánná òun mọ́.

Tiyín ní tòótọ́,
Àwa alásè kan ní Kúbwà, Àbújá