Lẹ́tà sí Olóòtú: Àwọn Mùsùlùmí Tí Ìbò Gbé Wọlé ní Yúróòpù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́. Ohun tó mú mi mú kálàmù ni lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ ti to orúkọ Sadiq Khan tó jẹ́ máyọ̀ London, Humza Yousaf tó ti ṣe olórí ìjọba Skọ́tíláǹdì rí, Ahmed Aboutaleb tó ti ṣe máyọ̀ Rotterdam ní Nẹ́dálándì rí, àti Shabana Mahmood tó jẹ́ aṣòfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ léra, tó sì fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé àwọn Mùsùlùmí ti ń gba ìjọba mọ́ àwọn ará Yúróòpù lọ́wọ́. N kò bá a jà nítorí orúkọ tó kọ sílẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn náà wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ka orúkọ mẹ́rin, tí kò ka iye àga tó wà nínú ilé tí wọ́n jókòó sí, ìṣirò rẹ̀ kò tíì pé, mo sì bẹ̀rù pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín yóò gbà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé. Ètò ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní 2021 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà ní England àti Wales, ó lé ní mẹ́fà tó pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 3.9. Nínú ìbò gbogboogbò oṣù Keje 2024, Mùsùlùmí 25 ló wọ ilé aṣòfin tó ní àga 650. Bó bá ṣe pé bí wọ́n ṣe pọ̀ tó láàrin ìlú ni wọ́n ṣe pọ̀ tó nínú ilé náà, wọn ì bá ti tó nǹkan bí 40. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìgbà kankan rí tí wọ́n pọ̀ tó báyìí. Ọdún 1997 ni ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, Mohammad Sarwar, wọlé láti Govan ní ìlú Glasgow, tó sì fi Al-Kùránì búra. Ó di 2010 kí àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó débẹ̀, nígbà tí Shabana Mahmood, Yasmin Qureshi àti Rushanara Ali wọlé nínú ìbò kan náà. Ẹni tó ń gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́ kì í rìn díẹ̀díẹ̀ báyìí.

Ní ti Aboutaleb tó jẹ́ máyọ̀ Rotterdam láti 2009 títí di 2024, kì í ṣe ìbò ará ìlú ló gbé e débẹ̀ rárá, nítorí pé yíyàn ni wọ́n máa ń yan máyọ̀ ní Nẹ́dálándì, tí ọba yóò sì fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó ń kọ̀wé nípa ìbò mọ̀ ọ́n.

Ohun tó yẹ kí á máa wádìí, lójú tèmi, ni bí ìlẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Kí ló dé tí Mùsùlùmí fi tètè dé ilé aṣòfin ní orílẹ̀-èdè kan, tí wọ́n sì pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ní òmíràn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe níbi méjèèjì? Èsì ìbéèrè yìí dé ọwọ́ èmi fúnra mi ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún 2024, nígbà tí mo lọ dìbò yan máyọ̀ London nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé mi. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà mi aláwọ̀ ewé ni mo nà sí ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó nídìí tábìlì. Ó wo àwòrán inú rẹ̀, ó wo ojú mi, ó fi rúlà tọ orúkọ mi lọ nínú ìwé àkọsílẹ̀ títí ó fi rí i, ó fàlà sí i, ó sì já ìwé ìbò fún mi. Mo wọ ẹ̀yìn pákó tí wọ́n fi dábùú fún olùdìbò, mo fi pẹ́ńsùlù tí wọ́n so okùn mọ́ sàmì sí ẹni tí mo fẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti gba ìwé ọmọ onílùú. Òfin wọn ni pé ọmọ orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso ọ̀pọ̀ nínú wọn rí, tó ń gbé ilẹ̀ náà lọ́nà ẹ̀tọ́ lè dìbò, kódà láti yan àwọn aṣòfin.

Ẹ̀tọ́ yìí kan náà ló ń dúró de àwọn ará Pàkísítánì, Íńdíà àti ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bàńgládẹ́ṣì lónìí, nígbà tí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé ìhunṣọ Bradford àti Blackburn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn kò tíì mọ ojú ọ̀nà tán tí wọ́n ti ń dìbò. Nítorí náà, olóṣèlú tó bá fẹ́ wọlé ní àdúgbò wọn ní láti kan ilẹ̀kùn wọn, kó mu tíì nílé wọn, kó sì gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n. Láti ibẹ̀ ni ọmọ wọn ti di káńsẹ́lọ̀, tí káńsẹ́lọ̀ sì di aṣòfin. Bàbá Sadiq Khan ń wa bọ́ọ̀sì ní London. Ọmọ rẹ̀ di aṣòfin Tooting ní 2005, ó sì di máyọ̀ ní 2016.

Ẹ wá wo Jámánì. Oṣù Kẹwàá 1961 ni ìjọba ibẹ̀ bá ti Tọ́kì fọwọ́ sí àdéhùn láti kó òṣìṣẹ́ wá. Àlejò òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè wọ́n, òfin sì kà wọ́n sí àlejò lóòótọ́, nítorí pé títí di 2000, ọmọ tí wọ́n bí fún wọn sórí ilẹ̀ Jámánì, tó ń sọ èdè Jámánì, tí kò sì mọ ibòmíràn nílé, kì í ṣe ọmọ Jámánì nípa ìbí. Bad Urach ní Jámánì ni wọ́n bí olóṣèlú Cem Özdemir sí ní 1965, síbẹ̀ ó ní láti kọ̀wé béèrè kí ilẹ̀ tí wọ́n gbé bí i tó gbà á lọ́mọ. Nígbà tí òun àti Leyla Onur fi di ọmọ Tọ́kì àkọ́kọ́ tó wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1994, àdéhùn yẹn ti pé ọdún 33. Ó tún di 2024 kí òfin tó gba ọmọ Tọ́kì tó ń kọ̀wé béèrè láyè láti di ọmọ Jámánì láì sọ ìwé ti ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nù. Iye Mùsùlùmí tó wà ní Jámánì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú ọgọ́rùn-ún. Òfin ìbò àti òfin ọmọ onílùú ló ya ọ̀nà wọn sọ́tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí Yúróòpù ni àlejò. Ní Bùlgáríà, àwọn ọmọ Tọ́kì tó jẹ́ Mùsùlùmí ti wà níbẹ̀ láti ayé àwọn sultan Ottoman, ìyẹn àwọn ọba Tọ́kì ayé àtijọ́. Láti òpin 1984, ìjọba Kọ́múníìsì fi tipátipá gba orúkọ wọn, wọ́n sì fún wọn ní orúkọ Bùlgáríà dípò rẹ̀. Àwa tí a máa ń wo ilé kí á tó sọ ọmọ lórúkọ mọ ohun tó jẹ́ kí ọlọ́pàá wá bá àgbàlagbà nílé, kó sọ fún un pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ pè é kò sí mọ́. Ní 1989, ó lé ní 300,000 ènìyàn tó kó ẹrù wọn kọjá sí Tọ́kì. Ní oṣù kìíní 1990, lẹ́yìn tí ìjọba yẹn ṣubú, àwọn tó ṣẹ́kù dá ẹgbẹ́ òṣèlú tiwọn sílẹ̀ lábẹ́ Ahmed Dogan, ẹgbẹ́ náà sì ti ń rí àga nínú ilé aṣòfin láti ọdún náà. Kì í ṣe pé mo ń yin gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yẹn ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ ìwà ìbàjẹ́ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí wọ́n gba orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò wá gba ìjọba ẹnikẹ́ni nígbà tó dìbò.

Faransé kì í ka ẹ̀sìn nínú ètò ìkànìyàn, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi àkọsílẹ̀ ìjọba sọ iye Mùsùlùmí tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀ ilẹ̀ yẹn ti yan Mùsùlùmí sílé aṣòfin rí ní 1896. Dókítà Philippe Grenier ni, ọmọ bíbí Pontarlier, aláwọ̀ funfun tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Algeria, tó sì wọ agbádá àwọn Lárúbáwá lọ jókòó láàrin àwọn aṣòfin Paris. Ní 2021, ní Montpellier, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba fa ọwọ́ àtìlẹ́yìn sẹ́yìn lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń díje lórúkọ wọn nínú ìbò ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀, nítorí pé ó lo hìjáábù nínú àwòrán ìpolongo rẹ̀. Òfin ilẹ̀ náà kò dí i lọ́wọ́ láti lò ó; ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kò fẹ́ ẹ. Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde, inú ẹgbẹ́ òṣèlú sì ni wọ́n ti máa ń já ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sílẹ̀ kí olùdìbò tó rí orúkọ wọn rárá.

Àwọn tó tilẹ̀ wọlé kì í bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí ìbò máyọ̀ London ti 2016 ku ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìròyìn ńlá kan gbé àpilẹ̀kọ alátakò Sadiq Khan jáde, wọ́n sì fi àwòrán bọ́ọ̀sì tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi bọ́ǹbù fọ́ ní London ní oṣù Keje 2005 sí i lára. Ọmọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Mo rántí pé mo di ìwé ìròyìn náà mú nínú ọkọ̀ ojú irin, tí mo sì ń wo ojú àwọn tó jókòó tì mí bóyá àwọn náà rí ohun tí mo rí. Inú àwọn kan nínú ẹgbẹ́ alátakò rẹ̀ náà kò dùn sí i, Sayeeda Warsi, olóṣèlú tó jẹ́ Mùsùlùmí, sì sọ̀rọ̀ lòdì sí i ní gbangba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ Kọnsáfétífù tí alátakò náà wà ni òun náà wà nígbà náà.

Èyí gan-an ló sì fi hàn pé wọn kì í ṣe agbo kan. Khan àti Mahmood wà nínú ẹgbẹ́ Lébà, Yousaf tó ṣe olórí ìjọba Skọ́tíláǹdì láti 2023 sí 2024 fẹ́ kí Skọ́tíláǹdì dá dúró, Sajid Javid tó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó rí fún Kọnsáfétífù sì ti sọ ní gbangba pé ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí òun sí ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹ̀sìn kankan. Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ tó kù pẹ̀lú: ní 2024, Mùsùlùmí mẹ́rin wọlé láìsí nínú ẹgbẹ́ kankan, nítorí ìbínú àwọn olùdìbò lórí ogun Gásà. Ìbò 979 péré ni ọ̀kan nínú wọn, Shockat Adam, fi borí ní Leicester South. Mo mọ ìrora tó bí ìbò náà, mo sì pín nínú rẹ̀, àmọ́ n kò fẹ́ kí ó di àṣà kí á máa yan aṣòfin nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí ará Leicester náà ní ilé gbígbé àti ilé ìwòsàn tó yẹ kí aṣojú rẹ̀ jà fún.

Ìbéèrè mi lọ́wọ́ yín, Olóòtú, kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ròyìn ẹnìkan nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kọ ẹkùn ìdìbò rẹ̀, ẹ kọ ẹgbẹ́ rẹ̀ àti iye ìbò tó fi wọlé, kí ẹ tó kọ ẹ̀sìn rẹ̀, bí ẹ̀sìn náà bá kan ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ. Ẹ sì bá wa bi ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn léèrè iye àga tó wà nínú ilé tó ní wọ́n ti gbà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti London